RAM kọ̀ǹpútà di ọ̀wọ́n, ni wọ́n bá ń so èyí tí kò bára mu pọ̀: Ta ni yóò san gbèsè rẹ̀?

Láti ìparí ọdún 2025 ni ọjà kọ̀ǹpútà ti yí padà mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní RAM, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní mẹ́mórì. Èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Ohun kékeré yìí ló di ọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: Samsung àti SK Hynix ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà, àti Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ibùdó fún ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ti ń ra púpọ̀ nínú ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, owó gọbọi ni wọ́n sì ń san. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú títa mẹ́mórì tó ń jẹ́ Crucial fún àwọn oníbàárà kéékèèké, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún 25 tó ti ń tà á.

Bí ọ̀run bá ń ya bọ̀, àwọn àgbà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Kòríà àti Amẹ́ríkà kò lè ṣàì kan Ìjàgbó. Ìlú yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, ó sì sún mọ́ Ọ̀fà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọjà kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ná. Láti ọdún 1992 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbonìṣe sílẹ̀ ní Ọ̀fà, tí Yunifásítì Summit náà sì tún gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ní agbègbè náà. Ẹni tó ń tẹ ìwé iṣẹ́ ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo wọn ló ń jẹun lára kọ̀ǹpútà, èyí tó sì pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà náà ló jẹ́ tòkunbọ̀.

Nígbà tí tuntun bá wọ́n, ẹni tí kò lówó yóò tú RAM inú kọ̀ǹpútà tó ti kú, yóò sì kì í bọ inú èyí tó ṣì ń mí. Kò sí ohun tó burú nínú èyí fúnra rẹ̀. Àtúnlò ohun tó ṣì dára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì sàn ju kí wọ́n jù ú sí ààtàn lọ. Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí RAM bá ti ṣe é kì bọ ihò, ó ti bá kọ̀ǹpútà náà mu nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, wọn yóò ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọn yóò ní iná ni, àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ ní owó ọ̀hún kò lérè. Owó oníbàárà ni gbogbo àròsọ yìí máa ń ná.

Kí ni RAM ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá olọ́jà ṣe àpèjúwe. Ìyá yìí ní yàrá kan tó ń kó ẹrù pamọ́ sí, ó sì ní àtẹ tó ń pa ọjà sí níwájú. Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ rà lónìí ni yóò gbé jáde sórí àtẹ. Bó bá di alẹ́, yóò palẹ̀ àtẹ mọ́. Díìsìkì inú kọ̀ǹpútà ni yàrá ẹrù, ibẹ̀ ni ìwé, àwòrán àti orin wa máa ń wà bí iná tilẹ̀ lọ. RAM ni àtẹ. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, orí rẹ̀ ló wà, bí iná bá sì lọ, gbogbo rẹ̀ yóò pòórá. Àtẹ tó bá kéré jù ni yóò mú kí ìyá olọ́jà máa sáré wọ yàrá ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò tó fi máa ń fà bí ìgbín. Àtẹ tó ní ìdí méjì, tí ọ̀kan ga tí èkejì kúrú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọjà lè dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò dà nù, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìran ni RAM ní, bí ènìyàn ṣe ní ìran. DDR ló jáde ní nǹkan bí ọdún 2000, DDR2 tẹ̀ lé e ní ọdún 2003, DDR3 dé ní 2007, DDR4 dé ní 2014, wọ́n sì tẹ ìlànà DDR5 jáde ní 2020. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ní iye iná tó ń jẹ. DDR2 ń jẹ fóòtì 1.8, DDR3 ń jẹ 1.5, DDR4 ń jẹ 1.2, DDR5 sì ń jẹ 1.1. Kí ẹnikẹ́ni má baà ki ìran kan bọ ihò ìran mìíràn, àwọn tó ṣe é gé àlàfo kékeré kan sí ìdí rẹ̀, láàárín àwọn eyín aláwọ̀ wúrà tó wà níbẹ̀, ibi tí àlàfo náà wà sì yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Iye eyín náà tún máa ń yàtọ̀. Lára RAM kọ̀ǹpútà alágbèéká, DDR3 ní eyín 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262. Ẹni tó bá rí i pé kò fẹ́ wọlé, tó wá fi agbára tì í, ihò pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà náà ló fẹ́ fọ́ yẹn, owó pátákó sì ju owó RAM lọ.

Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Bí ìran bá tilẹ̀ jọra, ìwà lè yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Oríṣi DDR3 kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà L kún orúkọ rẹ̀, DDR3L, fóòtì 1.35 ló ń jẹ. Ìrísí òun àti DDR3 kò yàtọ̀ rárá, àlàfo ìdí wọn dọ́gba, ihò kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2013 kò gba ju DDR3L lọ. Bí ènìyàn bá ki DDR3 lásán sínú wọn, ojú kọ̀ǹpútà yóò dúdú, tàbí kí ó máa ké píì, píì, láì tàn.

Àpẹẹrẹ kan rèé tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ mọ̀. HP EliteBook 840 G2 àti HP EliteBook 840 G3 jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n. DDR3L ni G2 ń lò, DDR4 sì ni G3 ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jọ ń gbé yàrá kan ní Ìjàgbó lè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì rò pé àwọn lè yá ara wọn ní RAM. Wọn kò lè yá ara wọn. Ẹni tó bá lọ ra RAM, tó kàn sọ fún ọlọ́jà pé "ti EliteBook 840" ni òun fẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyára náà tún wà ńbẹ̀. Bí ẹni méjì bá jọ gbé àpótí, ẹni tó yára ni yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn nítorí ẹni tó lọ́ra. Bí RAM méjì tí ìyára wọn yàtọ̀ bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan, ìyára èyí tó lọ́ra jù ni àwọn méjèèjì yóò máa bá rìn. Èyí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, owó tí ènìyàn fi ra èyí tó yára ló kàn ṣòfò. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, bí àpẹẹrẹ GB 4 pẹ̀lú GB 8, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yóò gbà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ìbejì lórí gbogbo GB 12 náà.

Àwọn méjì mìíràn wà tí wọ́n máa ń tan ènìyàn jẹ. Èkíní ni RAM tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀rọ ńlá tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ó máa ń pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, owó rẹ̀ a sì máa rọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà lásán kò lè lò. Èkejì ni ti ẹni tó ra RAM tó dára, tó bára mu, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì kọ̀ láti kà á tán. Bó bá jẹ́ pé Windows onílé bíìtì 32 ló wà nínú rẹ̀, kò lè lò ju nǹkan bí GB 4 lọ, kódà bí ènìyàn bá ki GB 16 sí i. RAM kò jẹ̀bi níbẹ̀, Windows ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Èyí tó dákẹ́ ló burú jù

Àmì tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé RAM kò bára mu pọ̀. Ẹ̀rọ lè kọ̀ láti tàn rárá. Ó lè tàn kó máa ké píì, píì. Ó lè tàn dáadáa, kó wá pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ lè di búlúù, kí ọ̀rọ̀ òyìnbó funfun jáde síbẹ̀. Ó lè jẹ́ GB 4 ni yóò fi hàn, nígbà tó jẹ́ pé GB 8 ni wọ́n kì sí i. Gbogbo ìwọ̀nyí ń bíni nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá kọ̀ láti tàn ti sòótọ́ fún olówó rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀rọ tó ń tàn, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá fẹ́ fi pamọ́ sínú díìsìkì, orí RAM ni yóò ti kọ́kọ́ kọjá. Bí RAM bá yí lẹ́tà kan padà lójú ọ̀nà, èyí tó ti yí padà ni díìsìkì yóò gbà, yóò sì pa á mọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé náà kò ní ṣí mọ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù mẹ́fà kọ, ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á, ẹni tó tún un ṣe, ẹni tó lò ó, kò sí ẹni tí yóò rántí RAM tí wọ́n kì sí i ní oṣù kan sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi RAM kún kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn kó tó tún un lò.

Bí a ṣe ń wá ìdí ọ̀rọ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ àwárí yìí kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá, sùúrù ló gbà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ló yí padà kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n fi RAM kún un ni, kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n fi kún un, kí wọ́n sì lo ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ara rẹ̀ bá yá, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ RAM. Bí wọ́n bá kọ PC3L-12800S, ohun tó ń sọ ni pé ìran kẹta ni, pé iná rẹ̀ kéré, pé ìyára rẹ̀ jẹ́ 1600, àti pé ti alágbèéká ni. PC3 láìsí L ni èyí tó ń jẹ fóòtì 1.5. PC4 ni ìran kẹrin. Bí lẹ́tà R bá wà níbi tí S yẹ kó wà, ti sáfà ni. Ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà tó wà lára ike oògùn lè ka èyí.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, kí wọ́n pa á pátápátá, kí wọ́n yọ okùn iná, kí wọ́n yọ bátìrì bó bá ṣe é yọ, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì ìtannáa rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kan tún wà tí àwọn ará Kwárà kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Nígbà ọyẹ́, bí ènìyàn bá bọ́ aṣọ onínáílọ́ọ̀nù tàbí tó fọwọ́ kan irin, iná kékeré kan lè ta á lọ́wọ́. Iná tó ta ènìyàn lásán yẹn tó láti pa RAM. Kí ènìyàn kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí wọn kò kùn ní ọ̀dà, kó má sì fi ìka kan àwọn eyín wúrà náà, etí rẹ̀ ni kó máa dì mú. Bí eyín náà bá ti dọ̀tí, kí wọ́n fi írésà tó mọ́ pa á jẹ́jẹ́, kí wọ́n nu eruku rẹ̀ kúrò. Eruku nìkan ti mú kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ RAM tó dára lẹ́bi.

Iṣẹ́ tó kàn ni kí wọ́n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí RAM bá jẹ́ méjì, tí ihò sì jẹ́ méjì, ìgbà mẹ́rin ni ìdánwò náà: ti àkọ́kọ́ nínú ihò kìíní, lẹ́yìn náà nínú ihò kejì, ti èkejì nínú ihò kìíní, lẹ́yìn náà nínú ihò kejì. Bí RAM kan bá kùnà nínú ihò méjèèjì, òun ló kú. Bí RAM méjèèjì bá kùnà nínú ihò kan ṣoṣo, ihò ló bàjẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ dáadáa lóun nìkan nínú ihò méjèèjì, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni ìjà máa ń dé, a ti mú olè náà: wọn kò bára mu ni. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kí wọ́n yẹ RAM rẹ̀ wò. Windows ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tirẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ mdsched síbi tí a ti ń wá nǹkan, tó sì fọwọ́ sí i, kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tàn, yóò sì máa yẹ RAM wò. Èyí tó le jù ú lọ ni MemTest86, tó ti wà láti ọdún 1994, tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì wà. Orí fláàṣì ni wọ́n máa ń gbé e sí. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, òru kan ló dára jù. Bó bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, RAM náà kò yẹ ní lílò bó ṣe wà yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ pé "ó kéré." Ìdánwò yìí gba iná tí kò ní já, ìyẹn ló fi yẹ kí wọ́n ṣe é lórí bátìrì tàbí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná, nítorí kọ̀ǹpútà tó kú nítorí pé iná lọ yóò dà bí èyí tí RAM pa.

Bí ó bá hàn pé wọn kò bára mu, ọ̀nà ṣì wà. Wọ́n lè wọ BIOS, ètò àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń kà bó bá jí, kí wọ́n dín ìyára RAM kù, tàbí kí wọ́n fi BIOS tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà gbé jáde sí i. Bí èyí kò bá ràn án, kí wọ́n yọ ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó ń lo GB 4 tí kò dákú sàn ju èyí tó ń lo GB 8 tó ń jẹ iṣẹ́ ènìyàn lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe RAM fi máa ń ta méjì pọ̀ nínú páálí kan: wọ́n ti dán àwọn méjèèjì wò pọ̀ kí wọ́n tó dì wọ́n.

Ta ló yẹ kó ru ẹrù yìí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ní àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló jẹ̀bi. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé orísun. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bíi kọ̀nténà 500 lóṣù, wọ́n sì ní púpọ̀ nínú ẹrù náà ni kò ṣe é lò mọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde ní ọdún 2011 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná, àjọ NESREA ló sì ń mójú tó o. Òfin náà kò gbà kí wọ́n kó ẹ̀rọ tó ti kú wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí Yunifásítì Àjọ Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí lórí ẹrù tó gba èbúté Èkó wọlé ní ọdún 2015 àti 2016, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ àlòkù bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán ìdá mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n dán wò ni kò sì ṣiṣẹ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọlọ́jà kékeré ni pé àpò kan ni RAM tó dára àti èyí tó ti kú jọ ń bá wọlé. Láti èbúté, wọn yóò dé ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, wọn yóò ti ibẹ̀ dé Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìjàgbó. Ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọn yóò gbà kọjá, èrè ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ lórí wọn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má kan ẹnì kan tí yóò dán wọn wò. Ẹni ìkẹyìn tó gbà á, tó jẹ́ òun náà ló lówó tó kéré jù, ni gbogbo àdánù yóò já lé lórí. Nígbà tí Microsoft tún dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò lè gba Windows 11 ló di ẹrù títà ní òkè òkun. Ẹni tó bá mọ bí ọjà ṣe ń rìn mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn yóò forí lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lásán. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti ojú kọ̀ǹpútà pátápátá. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ti WAEC àti NECO náà yóò gba ọ̀nà kan náà. Gbogbo wa la sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá Yunifásítì Ìlọrin rí, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 65 ní Èkó, 92 ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n sì ní kó tún ìdánwò ṣe. Àlàyé JAMB ni pé àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n fi sórí gbogbo sáfà kò dé orí díẹ̀ nínú wọn. RAM kọ́ ló fa ti JAMB, a kò sì gbọ́dọ̀ da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò jìnnà sí ti RAM: tuntun àti àtijọ́ jọ wà nínú ètò kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ wọ́n wò kí àwọn ọmọ tó jókòó. Bí ìdánwò mẹ́ta bá wá di ti ojú kọ̀ǹpútà, iye kọ̀ǹpútà tí àwọn ibùdó ìlú kéékèèké yóò wá yóò pọ̀ sí i, ní àkókò tí RAM wọ́n jù. Ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákú nígbà mẹ́ta nínú ìdánwò kan, ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e sí orí ẹ̀rọ mìíràn.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbọ́dọ̀ fi òru kan dán RAM tó fi sí i wò kó tó gbé ẹ̀rọ fún olówó rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà RAM náà sínú ìwé owó. Ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ mú RAM àtijọ́ rẹ̀ dání lọ sí ọjà, tàbí kó fi fóònù ya àwòrán ìwé ara rẹ̀, kó sì gba àdéhùn pé òun lè dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé ìwé àti ibùdó ìdánwò gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ọ̀fà àti Ìjàgbó lè fi owó kékeré jọ ra ẹ̀rọ kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa dán RAM wò, bí àwọn aránṣọ ṣe máa ń jọ lo ẹ̀rọ kan tí agbára ẹnì kan kò ká. Ìjọba ni yóò sì ṣe èyí tó tóbi jù, ìyẹn ni pé kí òfin ọdún 2011 ṣiṣẹ́ ní èbúté, kí ẹrù tó ti kú má tilẹ̀ wọlé.

RAM lè má tètè rọ̀. Àwọn tó ń ra á fún AI kò tíì sọ pé àwọn yó, ilé iṣẹ́ tuntun tí yóò máa ṣe é kì í sì í hù lọ́jọ́ kan. Títí di ìgbà náà, a óò máa tú, a óò máa so. Ẹni tó bá fẹ́ so, kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kó sì dán an wò ní òru kan. Òru kan kò pọ̀ jù láti fi gba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà là.